Ṣadé Adu Kò Jẹ Wá Ní Gbèsè

Nígbàkígbà tí orúkọ Ṣadé Adu bá jẹ yọ nínú ìròyìn, ohùn méjì ni ó máa ń dún láàárín àwa ọmọ Yorùbá. Ohùn kìn-ín-ní a máa yangàn pé ọmọ wa ni, pé Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, pé Èkìtì ni baba rẹ̀ ti wá, àti pé nítorí èyí ògo rẹ̀ ti di ògo gbogbo wa. Ohùn kejì a máa ráhùn pé ọmọ tó gbàgbé ilé ni: kò fi èdè wa kọrin, kò fi dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ orin rẹ̀, kí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá kàn wá sí? Mo ti fetí sí ohùn méjèèjì dáadáa, èrò mi sì ni pé ìdí kan náà ni wọ́n jọ dúró lé. Àwọn méjèèjì gbà pé gbèsè kan wà nílẹ̀. Ẹni tó ń yangàn rò pé ó ti san án, ẹni tó ń ráhùn rò pé kò tíì san án. Èmi kò gbà pé gbèsè kankan wà. Obìnrin náà kò jẹ wá ní ohunkóhun. Ohun tó kù ni pé kí àwa jókòó ti ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, kí a wo ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wa láti kọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1959 ni wọ́n bí Helen Fọláṣadé Adu ní ìlú Ìbàdàn. Adébísí Adu, ọmọ Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, olùkọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé, ni baba rẹ̀. Anne Hayes, nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ìyá rẹ̀. Ìlú London ni àwọn méjèèjì ti pàdé kí wọ́n tó jọ wá sí Nàìjíríà. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí Fọláṣadé pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá rẹ̀ kó òun àti Bánjí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, padà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ ní agbègbè Colchester, ní Essex. Ibẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí, títí ó fi di ẹni tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ìgbàlódé ní ilé-ẹ̀kọ́ Saint Martin's ní London.

Àwọn àgbà a máa sọ ọ́ pé ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀fẹ̀ ni a fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń mú un lò lójoojúmọ́ láìrẹ́rìn-ín. Bí Ṣadé bá ti gba àmì-ẹ̀yẹ, a ó dárúkọ Ìbàdàn, a ó dárúkọ Èkìtì, a ó dárúkọ baba. Ta ni ó ń rántí dárúkọ nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tọ́jú aláìsàn, tí ó sì ń dá tọ́ ọmọ méjì tí àwọ̀ ara wọn kò jọ ti àwọn ará àdúgbò? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ọdún 1963 kì í ṣe ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti rọrùn. Ní àsìkò náà, kò sí òfin kan tó dá onílé lẹ́kun láti lẹ̀ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú sí yàrá. Ọdún 1968 ni òfin tó fòfin de irú ìwà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ yangàn nítorí Ṣadé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Anne Hayes. Bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, a jọ kíjìpá. Èyí jọ méjèèjì, kò sì yẹ kí ọ̀kan gba ọpẹ́ èkejì.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí a wò ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí Fọláṣadé ń sọ: ẹni tó fi ọlá ṣe adé. Orúkọ gígùn tó ní ìtumọ̀ kíkún ni, bí gbogbo orúkọ wa ti rí. Ọmọbìnrin náà sì ní Helen nílẹ̀ tí ó lè mú lò. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí bí ó bá jẹ́ Helen lórí àwo orin. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Ìlú Ọba ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní, nítorí pé olùkọ́ kò lè pe Olúwáfẹ́mi, nítorí pé agbanisíṣẹ́ lè sọ ìwé ìwáṣẹ́ nù bí ó bá rí orúkọ tó ṣòro. Ṣùgbọ́n Ṣadé ni ó jẹ́. Nígbà tí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde tẹ àlàyé sára páálí rẹ̀ láti kọ́ àwọn òǹrajà bí wọn yóò ṣe pè é. Ẹ rò ó wò. Ọjà tó tóbi jù lọ lágbàáyé ni a ní kí ó kọ́ bí a ti ń pe orúkọ ọmọ Yorùbá kí ó tó gbọ́ orin rẹ̀, ọjà náà sì kọ́ ọ. Bí onígbá ṣe pe igbá rẹ̀ ni a ṣe ń bá a pè é. Ẹni tó ń ráhùn pé kò ṣe ohunkóhun fún wa, ẹ bi í léèrè iye ẹnu àlejò tí ó ti kọ́ láti pe Ṣadé, láìlo ẹyọ ọ̀rọ̀ ìbínú kan.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bá rìn. Kì í ṣe orin ni ó kọ́kọ́ wù ú. Aṣọ ni ó kọ́, ó sì gbé ìgbé ayé àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ ní àríwá London, ní ilé panápaná àtijọ́ kan tí wọ́n ti pa tì. Àwọn ọ̀rẹ́ ló ní kí ó wá bá àwọn gbe orin, ó sì di ọ̀kan lára àwọn elégbè nínú ẹgbẹ́ kan tó tóbi tí wọ́n ń pè ní Pride. Nínú eré Pride ni wọ́n ti máa ń fún un láyè díẹ̀ láti bọ́ síwájú kọ orin tí òun àti Ray St. John jọ kọ, èyí tí ayé wá mọ̀ sí «Smooth Operator». Kò pẹ́ tí àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ àwo orin fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Òun nìkan ni wọ́n fẹ́. Arẹwà obìnrin ni, ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni, kí ni wọn yóò fi gbogbo ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe?

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ìbá ti sọ pé orí ló gbé iṣẹ́ kò ó, kí ó tètè lọ. Kò tètè lọ. Nígbà tí ó sì lọ nígbẹ̀yìn, kò dá lọ: Stuart Matthewman tó ń ta gìtá tó sì ń fọn fèrè saxophone, àti Paul Denman tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, bá a lọ, Andrew Hale tó ń tẹ dùùrù sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Sade ni orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ ni orúkọ yẹn wà fún, tí kì í ṣe fún obìnrin náà nìkan. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta yìí ló bá a ṣe àwo orin àkọ́kọ́ ní ọdún 1984, àwọn náà ló bá a ṣe èyí tó jáde ní ọdún 2010. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ó wà láàárín méjèèjì. Ẹ ka iye ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ mọ̀ nílé wa tí wọn kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ lórí owó, lórí obìnrin, lórí ẹni tó yẹ kí àwòrán rẹ̀ tóbi jù lára páálí, láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Orúkọ kan ni gbogbo wọn jọ ń jẹ, orúkọ Yorùbá sì ni.

Ohun kẹta ni orin náà fúnra rẹ̀. Orin soul ni ìyá orin rẹ̀, irú èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fa yọ láti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n sì fi sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ọ̀rọ̀ ìyà àti ọ̀rọ̀ òmìnira. Curtis Mayfield, Donny Hathaway àti Bill Withers wà lára àwọn tí ó tẹ́tí sí nígbà èwe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ akọrin soul ló máa ń gbé ohùn ga títí iṣan ọrùn yóò fi yọ. Òun a máa rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ẹnìkan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú orin rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní orin ilé ọtí olówó, orin tí a ń fi sí i nígbà tí a bá ń jẹun alẹ́.

Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Nínú «Love Deluxe», àwo tó jáde ní ọdún 1992, orin kan wà tí ó ń jẹ́ «Pearls», lórí obìnrin kan ní Sòmálíà tó ń ṣa hóró oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì kí ọmọ rẹ̀ má bàa kú. Nínú «Lovers Rock», ọdún 2000, orin kan wà lórí àjèjì aláwọ̀ dúdú tó dé ilẹ̀ tí wọn kò ti kà á sí ènìyàn, òmíràn sì wà lórí ìrora àwọn ẹrú. Obìnrin tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Èkìtì tó ti gbé London ní nǹkan bí ọdún 1955 kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àjèjì. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ̀ láti fi ariwo sọ ọ́. Àwa tí èdè wa kún fún òwe, tí àgbà wa lè bá ọmọ wí láìdárúkọ rẹ̀, ó yẹ kí a tètè mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ bí a bá rí i. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ni ó ń rí ìfun inú èèrà.

Mo wá dé orí kókó tó ṣe pàtàkì jù lọ lójú mi, èyí ni ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ wo àwọn ọdún yìí. «Diamond Life», 1984. «Promise», 1985. «Stronger Than Pride», 1988. «Love Deluxe», 1992. «Lovers Rock», 2000. «Soldier of Love», 2010. Àwo orin mẹ́fà péré. Ọdún kan ni àlàfo àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta ni ìkejì, ọdún mẹ́rin ni ìkẹta, ọdún mẹ́jọ ni ìkẹrin, ọdún mẹ́wàá gbáko ni ìkarùn-ún. Ní gbogbo àkókò tí kò bá ní orin lẹ́nu, kì í fara hàn nínú ìwé ìròyìn, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, kì í polówó ọṣẹ tàbí ìpara. Bí ó bá parí iṣẹ́, a lọ sílé, a pa ìlẹ̀kùn dé.

Gẹ́gẹ́ bí òfin ọjà òde òní, ó yẹ kí ayé ti gbàgbé rẹ̀. Òdìkejì ni ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí «Soldier of Love» jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ipò kìn-ín-ní ni ó bọ́ sí ní Amẹ́ríkà, àwọn òǹrajà sì lé ní 500,000 níbẹ̀ nìkan láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní àkókò tí gbogbo ènìyàn ń sunkún pé a kò ra àwo orin mọ́. Àmì-ẹ̀yẹ Grammy mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ti gbà, èyí àkọ́kọ́ ní ọdún 1986, èyí ìkẹrin ní ọdún 2011. Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè OBE ní ọdún 2002, wọ́n sì gbé e ga sí CBE ní ọdún 2017. Ní ọdún 2023, wọ́n yàn án mọ́ àwọn tí Songwriters Hall of Fame ní Amẹ́ríkà bu ọlá fún. Kò sí èyí tí ó fi ariwo wá nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí a ń fi dandan mú àwọn akọrin wa ṣe lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò kọ orin kan tó dùn ní Èkó, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwa tí a ń gbọ́ ọ ti ń bi í pé èwo ló kù. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí kò gbé òmíràn jáde, a ó ní iná rẹ̀ ti ń kú. Bí kò bá ní orin, kí ó ní ìjà. Bí kò bá ní ìjà, kí ó fi mọ́tò hàn wá. Lẹ́yìn náà ni a ó wá ráhùn pé orin òde òní kò ní ìtumọ̀. Níbo ni ìtumọ̀ yóò gbà wọlé? Ẹni tí a kò fún láyè láti gbé ìgbé ayé, kí ni yóò rí kọrin lé lórí ju orúkọ ọtí àti orúkọ aṣọ lọ?

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìwọ̀n. Yóò ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ti tálákà. Ó rọrùn fún ẹni tí àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tà ní mílíọ̀nù láti sinmi fún ọdún mẹ́wàá. Kí ni ẹni tó ń san owó ilé ní Mushin yóò ṣe? Òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ni Ṣadé ń tà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ìbá ti pa á lébi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò: òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orin wọn, àyàfi ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí orin Timmy Thomas tó wà nínú àwo àkọ́kọ́. Ẹ̀tọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú orin kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ni ẹ̀tọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó náwó sí i. Èkejì ni ẹ̀tọ́ orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin, èyí tí í ṣe ti ẹni tó ronú kàn án, bí kò bá tíì tà á. Bí rédíò bá lù ú, bí fíìmù bá lò ó, bí ẹlòmíràn bá tún un kọ, owó yóò máa wọlé fún ẹni tó kọ ọ́, ìbáà ti sùn. Ẹgbẹ́ Deftones ní Amẹ́ríkà, tí í ṣe ẹgbẹ́ onírọ́ọ̀kì tó ń fi gìtá pariwo, tún «No Ordinary Love» kọ. Nígbà tí àwọn yẹn ń pariwo, orúkọ Adu àti Matthewman ni ó wà nídìí orin náà.

Èyí ni oko tí wọ́n gbìn kí wọ́n tó lọ sinmi. Òfin ilẹ̀ wa pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ lè jẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ mélòó ni ó ń ka ìwé àdéhùn kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́? Mélòó ni ó ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n jọ kọ orin sílẹ̀, àti ìpín oníkálùkù, ní ọjọ́ tí orin náà parí, kí ó tó di pé owó dé tí ojú sì yí padà? Kì í ṣe ọrọ̀ ni ó kọ́kọ́ ra ìsinmi fún Ṣadé Adu. Pẹ́ńsù ló rà á, àti ìwé àdéhùn. Ìyẹn sì wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń gbé Mushin náà.

Kò yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí di òfin fún gbogbo akọrin. Àwọn àgbà olórin jùjú wa, bí Ebenezer Obey àti Sunny Ade, a máa gbé àwo orin púpọ̀ jáde láàárín ọdún kan, kò sì sí ẹni tó lè ní wọn kò mọ iṣẹ́ wọn. Òde àríyá ni ilé orin tiwọn. Bí òde ṣe ń yí ni orúkọ ẹni tí a ń kì ń yí, ọ̀rọ̀ àná kò sì lè jẹ ọ̀rọ̀ òní. Iṣẹ́ tiwọn ń bèèrè fún pípọ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń bá ọkàn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ń bèèrè fún pípẹ́. Ohun tó burú ni kí a mú ìwọ̀n ọjà kan wọn ọjà kejì, kí a sì máa lé àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí ibi ariwo nítorí pé ariwo ni ó ń yá wa lára.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilé, èyí tí àwọn aláròyé kì í jẹ́ kí ó sùn. Wọ́n ní kò kọ orin Yorùbá. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ó wà nígbà tí ó kúrò nílé. Èdè kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ẹnu ni ó ń gbà wọ etí, etí ni ó sì ń gbà wọ ọkàn. Bí kò bá sí ẹni tó ń sọ ọ́ sí ọmọ létí, ibo ni ọmọ yóò ti rí i? A kò lè fi ẹ̀sùn ohun tí àgbà kò ṣe kan ọmọ. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì ń dùn wá dé ọkàn ní tòótọ́, kí a yé wo ẹni tí kò sí nítòsí, kí a wo àwọn ọmọ tó wà ní pálọ̀ wa. Ní Peckham, ní Houston, ní Lẹkí pàápàá, ìyá àti bàbá tí àwọn méjèèjì jẹ́ Yorùbá ni ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ wọn wí, tí wọ́n ń fi Yorùbá pa àṣírí mọ́ lójú rẹ̀. Ogún ọdún sí ìsinsìnyí, àwọn kan yóò dìde láti bá àwọn ọmọ náà wí pé wọn kò lè sọ èdè baba wọn. Bánjí àti Fọláṣadé kò ní ẹni tí yóò sọ ọ́ sí wọn létí lójoojúmọ́. Àwí-kanlẹ̀ wo ni tiwa?

Mo sì tún fẹ́ kí a ronú lórí àwọn ọmọ tó pín sí ilẹ̀ méjì, nítorí wọ́n ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá wá kí wa nílé, a ó pè wọ́n ní òyìnbó, a ó fi ahọ́n wọn ṣe ẹlẹ́yà, a ó sì máa retí owó lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá dúró sọ́hùn-ún, wọn a máa gbọ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Lẹ́yìn náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá ta yọ, àwa ni a ó kọ́kọ́ gbé àwòrán rẹ̀ jáde pé ọmọ wa ni. Ọmọ ẹni kì í ṣe ọjà tí a ń dúró kí ó gbówó lórí kí a tó rà á. Ẹni tí a kò bá gbà mọ́ra nígbà tí kò tíì ní orúkọ, kí a má fi tipátipá gbà á nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti kárí ayé.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn mi. Bí a bá tún gbọ́ pé Ṣadé gba oyè kan, tàbí pé ó fẹ́ gbé àwo tuntun jáde, kí inú wa dùn, ìdùnnú náà tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní ọmọ tó ń kọrin nílé bi í pé ta ni ó kọ orin náà, níbo ni ìwé rẹ̀ wà. Kí ẹni tó ní ẹgbẹ́ ṣírò àwọn tó bá a jẹ ìyà, kí ó má ta wọ́n nù ní ọjọ́ tí olówó bá dé. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣòro fún àlejò láti pè má ṣe gé e dànù. Kí ó fi sùúrù kọ́ wọn. Kí àwa tí a ń gbọ́ orin sì kọ́ láti dúró de ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́.

Sùúrù ni baba ìwà. Ọmọ tó fi orúkọ tí a sọ ọ́ ní Ìbàdàn rìn ká ayé láìta á, láìtàbùkù rẹ̀, ti ṣe tirẹ̀. Ó kù sí ọwọ́ àwa tí a ń pe ara wa ní ẹbí rẹ̀ láti ṣe tiwa.